Ìpínlẹ̀ ti gba iná, ta ló wá di owó rẹ̀ mú? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí òfin iná mọ̀nàmọ́ná

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí òfin iná lóṣù yìí pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ. A ṣa èyí tí ìdáhùn rẹ̀ lè wúlò fún ẹlòmíì, a gé e kúrú, a ò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín ti wà ní kóòtù, ẹ jọ̀ọ́, lọ́yà yín ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n kéde lórí rédíò pé Èkìtì ti gba àkóso iná lọ́wọ́ Àbújá. Láti ìgbà náà, iye tí mò ń ra yúníìtì kò wálẹ̀. Kí gan-an ni wọ́n gbà? (Olùkà, Adó-Èkìtì)

Àṣẹ ni wọ́n gbà. Ìpínlẹ̀ gba àṣẹ láti ṣòfin lórí iná, láti fún àwọn ilé iṣẹ́ iná níwèé àṣẹ, àti láti dá iye tí wọ́n máa tà á láàárín ààlà rẹ̀. Kò gba àwọn ibùdó ńlá tó ń mú iná wá sórí wáyà orílẹ̀-èdè, kò gba wáyà ńlá tó ń gbé iná láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíì, kò sì gba gáàsì.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Kí ọdún 2023 tó dé, ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣòfin lórí pípín iná, àmọ́ kìkì níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò bá dé. Wáyà ọ̀hún sì ti dé ibi tí èrò àti owó wà, nítorí náà oko àti ìgbèríko ló kù fún gómìnà láti fi ṣe ìjọba iná. Ní oṣù kẹta 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tó yọ gbólóhùn yẹn dànù. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí Òfin Iná Mọ̀nàmọ́ná 2023, èyí tó rọ́pò òfin 2005 tí wọ́n fi tú NEPA ká, tí wọ́n sì fi tà á fún àwọn oníṣòwò ní oṣù kọkànlá 2013.

Abala 230 òfin tuntun yìí ló sọ bí ìpínlẹ̀ ṣe ń gba àkóso. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ á ṣe òfin tirẹ̀, gómìnà á buwọ́ lù ú, wọ́n á dá àjọ aláàbójútó sílẹ̀, wọ́n á wá kọ̀wé sí NERC, àjọ tó ń bójú tó iná ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí ìwé bá ti dé, ọjọ́ 45 ni NERC ní láti gbé ètò bí wọ́n á ṣe fa àkóso lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ jáde, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ parí láàárín oṣù mẹ́fà. NERC á pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ apíniná tó wà níbẹ̀ kó dá ilé iṣẹ́ ọmọ kan sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ yẹn nìkan, ọmọ yìí ló sì máa lọ gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀. Enugu, Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn tẹ̀ lé wọn.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń há ni ibi pípín ilé iṣẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ apíniná Benin kan ṣoṣo ló ń bójú tó Edo, Delta, Oǹdó àti Èkìtì. Ti Ìbàdàn ń pín fún Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Kwara, ó tún ya wọ àwọn ìpínlẹ̀ míì díẹ̀. Gbèsè tó wà lọ́rùn ilé iṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ rẹ̀, mítà rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gé e sí mẹ́rin tí kò ní sí ìjà? Wáyà 33kV míì wà (kV ni wọ́n fi ń wọn agbára iná tó wà lórí wáyà) tó gbéra ní ìpínlẹ̀ kan tó sì parí sí ìkejì. Níbi tó ti ré ààlà kọjá, ó di dandan kí wọ́n de mítà mọ́ ọn kí wọ́n lè mọ iye tó gba ibẹ̀ kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan á máa sanwó iná tí ẹlòmíì jẹ.

Ó wá ku owó. Náírà tí ẹ fi ra yúníìtì kì í dúró lójú kan. Apá kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mú iná wá, apá kan lọ sọ́dọ̀ TCN tó ni wáyà ńlá àti àwọn tó ń darí ìrìn iná lórí rẹ̀. Èyí tó kù ni ilé iṣẹ́ apíniná fi ń tún wáyà àdúgbò ṣe, tó fi ń san owó oṣù, tó sì fi ń jèrè. Apá ìkẹyìn yìí ni ọwọ́ àjọ ìpínlẹ̀ tó. Èyí tó wúwo jù ni ti ẹni tó mú iná wá, nítorí gáàsì la fi ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò gáàsì. Iye tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ fún gáàsì ibùdó amúnáwá ní 2025 jẹ́ dọ́là 2.13 fún mílíọ̀nù BTU kan (BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru tó wà nínú gáàsì). Bí náírà bá ṣubú lálẹ́, gáàsì ti wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, kódà bí iye dọ́là yẹn kò bá mira. Kò sí ohun tí àjọ tó wà ní Adó lè ṣe sí i.

Ẹ fi kádì yín wò ó. Ẹ ra ₦10,000 ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún), níbi tí yúníìtì kan jẹ́ ₦209.5 ní 2025. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó orí ọjà, 7.5%, á ku ₦9,302. Ẹ pín in, yúníìtì 44.4 ló máa wọlé. Áyọ́ọ̀nù 1,200 wáàtì nìkan á jẹ ẹ́ tán ní wákàtí 37. Tí yúníìtì tó wọlé bá kéré sí èyí tó yẹ kẹ́ ẹ gbà, ẹ wo ìwé ẹ̀rí ìsanwó yín bóyá wọ́n ń yọ gbèsè àtijọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni owó sábà máa ń gbà lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Enugu já owó iná wálẹ̀? Bí Enugu bá lè ṣe é, kí ló dé tí Ọ̀yọ́ kò lè ṣe é? (Olùkà, Ìbàdàn)

Òótọ́ ni. Àjọ iná ìpínlẹ̀ Enugu pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2025, kí MainPower, ilé iṣẹ́ ọmọ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀, máa ta yúníìtì Band A ní ₦160 dípò ₦209. Lójú ẹni tó ń ra ₦10,000, yúníìtì 44 di 58. Ẹni tó ń sanwó kò ní ṣàìjó.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní wéré. Àjọ Enugu ní àwọn yẹ ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ náà wò, àwọn sì gé ohun tí kò yẹ kó di ẹrù oníbàárà kúrò. Àwọn tó ń mú iná wá fèsì pé ìṣirò yẹn kò gbé iye tí iná jẹ gan-an, pé ó gbára lé owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì béèrè ẹni tó máa san ìyókù. NERC náà dá sí i: ìpínlẹ̀ kò láṣẹ lórí wáyà orílẹ̀-èdè tàbí lórí àwọn ibùdó amúnáwá tó wà lábẹ́ òfin àpapọ̀.

Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ló mú òótọ́ díẹ̀ dání. Ìpínlẹ̀ láṣẹ láti yẹ ìwé ilé iṣẹ́ apíniná wò, kó sì kọ ìnáwó tí kò nídìí. Kò láṣẹ láti sọ pé iná tí ẹlòmíì fi gáàsì olówó gọbọi mú wá ti di ọ̀pọ̀. Bó bá fẹ́ kí owó wálẹ̀ ju ohun tí ìṣirò gbà lọ, kó kọ owó ìrànwọ́ náà sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Bí kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, gbèsè ló máa yọrí sí. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílẹ̀: gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn tó ń mú iná wá ti tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù mẹ́rin náírà nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2025 pé kí wọ́n yá owó láti fi san án.

Ọ̀nà kan wà tí Ọ̀yọ́ lè gbà láìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni: kí wọ́n dín àdánù kù. Ká ní ilé iṣẹ́ apíniná ra yúníìtì 100 ní ₦100 ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦10,000 nìyẹn. Bí 40 bá ṣòfò sórí wáyà ògbólógbòó, sọ́wọ́ àwọn tó ń jí iná àti àwọn tí kì í san bíìlì, àwọn tó ra 60 tó kù ló máa ru gbogbo ₦10,000: ó di ₦167 lórí yúníìtì kan, kí ẹnikẹ́ni tó gba owó oṣù. Bí àdánù bá wálẹ̀ sí 20, ₦125 ti tó. Gáàsì kò yí padà, dọ́là kò yí padà, síbẹ̀ ₦42 ti kúrò. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi aṣòfin yín ni iye nínú ọgọ́rùn-ún tí ilé iṣẹ́ apíniná ń pàdánù, iye tí àjọ ìpínlẹ̀ ní kó dín in kù sí lọ́dún kan, àti ìyà tó wà níbẹ̀ tí kò bá ṣe é. Ìgbà tí owó máa wálẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀ lé ìyẹn.

A gbọ́ pé ilé aṣòfin àgbà tún fẹ́ gba agbára yìí padà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. (Olùkà, Àkúrẹ́)

Àbádòfin kan tó fẹ́ tún òfin 2023 ṣe dé ilé aṣòfin àgbà ní 2025. Àwọn tó gbé e wá ní ó máa là ààlà láàárín NERC àti àjọ ìpínlẹ̀ kí irú ìjà Enugu má bàa wáyé mọ́. Àwọn kọmíṣọ́nà tó ń bójú tó iná ní àwọn ìpínlẹ̀ ta kò ó, wọ́n ní ọgbọ́n àtigba àṣẹ padà ni.

Ẹ má fòyà jù. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló fún ìpínlẹ̀ lágbára yìí. Òfin 2023 kàn ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa lò ó ni. Òfin lásán kò lè gba ohun tí ìwé òfin àgbà fi fúnni. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá, kó sì tún rí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ìpínlẹ̀ wo ló máa dìbò kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun? Ohun tí òfin lásán lè ṣe ni pé kó há ọ̀nà mọ́ ìpínlẹ̀: kó fi ìgbésẹ̀ kún ìgbésẹ̀, kó fa ọjọ́ gùn, kó sọ pé fídà (wáyà tó ń pín iná sí àdúgbò) tó bá fara kan wáyà orílẹ̀-èdè ti di ti NERC. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò nínú àbádòfin èyíkéyìí. Tí ìgbìmọ̀ ilé bá kéde ìpàdé ìtagbangba nínú ìwé ìròyìn, ẹnikẹ́ni ló lè kọ àbá ránṣẹ́. Ojú ìwé méjì tó sọ abala kan pàtó àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lágbára ju ogún ojú ìwé ẹ̀hónú lọ.

Bí wáyà orílẹ̀-èdè bá dojú dé, ṣé ìpínlẹ̀ tó ti gba àkóso náà á wà lókùnkùn? (Olùkà, Ìkòròdú)

Bẹ́ẹ̀ ni, bí iná tó ń lò bá ti orí wáyà orílẹ̀-èdè wá. Ìgbọ̀nrìrì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wáyà náà ń gbà ṣiṣẹ́. Bí ibùdó ńlá kan bá já lójijì, iná tó kù kò tó ohun tí àwa tí à ń lò ó ń fà, ìgbọ̀nrìrì náà á máa lọ sílẹ̀, àwọn ẹ̀rọ yòókù á sì máa já ara wọn kúrò kí wọ́n má bàa bàjẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ibi gbogbo ti ṣókùnkùn.

Ẹni tó bá fẹ́ yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibùdó tirẹ̀ àti wáyà tirẹ̀ láàárín ààlà rẹ̀. Ẹ wo Aba: ilé iṣẹ́ Geometric ṣí ibùdó mẹ́gáwáàtì 141 ní oṣù kejì 2024 fún ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án ní Abia. Wọ́n ní láti fa páìpù gáàsì tó gùn tó kìlómítà 27 kí iná yẹn tó tàn, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi wà lẹ́nu rẹ̀.

Band A ni wọ́n fi àdúgbò wa sí. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí iná wa kò ju wákàtí 11 lọ lójúmọ́, owó Band A ni wọ́n ṣì ń gbà. Kí la lè ṣe? (Olùkà, Ìlọrin)

Wákàtí 20 lójúmọ́ ni Band A jẹ́, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Nígbà tí NERC gbé owó Band A ga ní oṣù kẹrin 2024, ó fi májẹ̀mú kan tì í lẹ́yìn: bí ilé iṣẹ́ apíniná kò bá pé wákàtí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì léra, kó ṣàlàyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó sì fi tó àwọn oníbàárà létí. Bó bá di ọjọ́ méje léra, kí fídà yẹn já wálẹ̀ sí band tí iná rẹ̀ bá mu. Lójú ìwé, wákàtí 11 yín kò tilẹ̀ pé C.

Àmọ́ ẹ̀sùn irú yìí sábà máa ń ṣubú síbì kan náà. Fídà ni wọ́n ń fún ní band, wọn kì í fún òpópónà. Fídà ni wáyà 11kV tó gbéra ní ibùdó tó ń pín iná sí àdúgbò, ó sì lè ní tiransifọ́mà ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára. Orí fídà níbùdó yẹn ni ilé iṣẹ́ ti ń ka wákàtí. Bí fiúsì bá jó lára tiransifọ́mà tiyín nìkan, òkùnkùn lẹ máa wà, ìwé tiwọn á sì fi wákàtí 21 hàn. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀sùn band lọ, wọ́n á ṣí ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ parí.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè orúkọ fídà yín ní ọ́fíìsì wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni mẹ́ta tí ilé wọn wà lórí fídà kan náà, kí ó kéré tán, ẹnì kan wà lórí tiransifọ́mà tó yàtọ̀ sí tiyín. Kí olúkúlùkù máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, báyìí: "Ọjọ́rú. Ó lọ 5:40 àárọ̀, ó dé 1:15 ọ̀sán. Ó lọ 6:05 ìrọ̀lẹ́, ó dé 11:50 alẹ́." Ẹ ṣírò rẹ̀: òkùnkùn wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 20, iná wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 40. Bí àkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, fídà ni. Bí ó bá jẹ́ tiyín nìkan ló burú, tiransifọ́mà yín ló ń ṣàìsàn, ẹ̀sùn mìíràn sì ni kẹ́ ẹ kọ.

Ẹ fi àkọsílẹ̀ náà ti lẹ́tà kan lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì gba òǹtẹ̀ wọn sórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ má kọ "a fẹ́ iná tó dáa". Ẹ kọ orúkọ fídà, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí ojoojúmọ́, kẹ́ ẹ wá béèrè ohun méjì: kí wọ́n já fídà náà wálẹ̀ bí àṣẹ 2024 ṣe wí, kí wọ́n sì fi yúníìtì san owó tí wọ́n ti gbà lé padà. Bí wọ́n bá dákẹ́, ó di ọ́fíìsì fọ́ọ̀mù NERC tó wà fún ẹ̀sùn oníbàárà, tàbí àjọ ìpínlẹ̀ yín bí ó bá ti gba àkóso. Ẹni tó bá fo ilé iṣẹ́ dá tó lọ tààrà síbẹ̀, wọ́n á dá a padà ni.

Tiransifọ́mà wa jó. Òṣìṣẹ́ wọn ní bí a kò bá dá owó ra tuntun, a ó pẹ́ nínú òkùnkùn. Ṣé ó bófin mu? (Olùkà, Ògbómọ̀ṣọ́)

Kò bófin mu. Ó wà nínú ẹ̀tọ́ oníbàárà tí NERC kọ sílẹ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà tàbí àdúgbò láti ra tiransifọ́mà, òpó iná àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tàbí láti tún wọn ṣe. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ tí wọ́n máa gbé òmíì wá.

A mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹni tí ẹja rẹ̀ ń bàjẹ́ nínú fíríìsà kò ní dúró de NERC. Bí àdúgbò bá pinnu láti rà á, kí wọ́n má san kọ́bọ̀ kí ilé iṣẹ́ apíniná tó fọwọ́ sí àdéhùn. Kí àdéhùn náà sọ iye owó, bí wọ́n ṣe máa dá a padà (yúníìtì ni wọ́n sábà máa ń fi san án), láàárín oṣù mélòó, àti orúkọ tí owó náà wà fún. Àdúgbò tó kọ́kọ́ rà á tó wá ń wá ìwé lẹ́yìn náà ti fi owó ṣọrẹ, nítorí bí wọ́n bá ti so ó mọ́ wáyà, ti ilé iṣẹ́ ni.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ wọn bóyá 11kV ni wáyà tó kọjá lórí yín tàbí 33kV; tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kò ní ṣiṣẹ́ lórí ìkejì, àwọn àdúgbò kan sì ti rà á tán kí wọ́n tó mọ̀. NEMSA ni àjọ tó gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fún un níwèé ẹ̀rí kí wọ́n tó tan án.

Kí tuntun má bàa tún jó, ẹ wo ohun tó pa ti tẹ́lẹ̀. Tiransifọ́mà 500 kVA lè gbé nǹkan bíi áńpíà 695 lórí fésì kọ̀ọ̀kan. Ti 300 kVA kò ju nǹkan bíi 417 lọ. Ilé tó ń lo A/C méjì, fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi lè fa bíi 20. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fésì kan bá kú: gbogbo ilé á pe oníná, á gun òpó, á sì gbé wọn sórí fésì tó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilé 35 bá péjọ síbẹ̀, 700 ti pé. Fiúsì á já. Ẹnì kan á mú wáyà kọ́pà tó nípọn, á fi dí ojú fiúsì náà kó má bàa já mọ́, kò sì ní já mọ́ lóòótọ́. Ohun tó kàn láti jó ni tiransifọ́mà fúnra rẹ̀. Nígbà tí fésì tó kú bá jí, kò sẹ́ni tó máa ń padà sí tirẹ̀.

Ìtòsí ibùdó amúnáwá la wà ní Ògùn. Wọ́n ní owó kan wà fún wa nínú òfin. (Olùkà, Ọlọ́runṣògo)

Ó wà. Àtúnṣe tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kejì 2024 ní kí ilé iṣẹ́ amúnáwá máa yọ 5% nínú ìnáwó iṣẹ́ ọdún tó ṣáájú sọ́tọ̀ fún ìdàgbàsókè àwọn ìlú tó gbà á lálejò. Ìnáwó ni wọ́n wí, wọn ò wí èrè, nítorí náà "a ò jèrè lọ́dún yìí" kì í ṣe àwíjàre. Ẹni tó máa di owó náà mú kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́: alákòóso kan tí ìlú àti ilé iṣẹ́ jọ yàn ni. Ìlú tí kò bá ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣojú rẹ̀ kò ní lè yan ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń há sí. Ẹ yanjú ẹni tó ń ṣojú yín kẹ́ ẹ tó kọ̀wé.

Àwọn onílé iṣẹ́ ní gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn kò jẹ́ kí àwọn rí 5% yọ. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ òfin kò kọ ọ́ pé ìgbà tí wọ́n bá rówó gbà nìkan ni.

Mo fẹ́ gbé sọ́láà sórí ilé, kí n sì fún àwọn ayálégbé mi níná níbẹ̀. Ṣé mo ní láti gbàwé àṣẹ? (Olùkà, Èkó)

Òfin 2023 ní ẹni tó ń mú iná wá ní ojú kan tí kò ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ, tàbí tó ń pín iná tí kò ju kìlówáàtì 100 lọ, kò nílò ìwé àṣẹ. Sọ́láà ilé alájà méjì kò lè sún mọ́ 100. Ẹ ṣáà wo òfin iná Èkó ti 2024 bóyá ó béèrè pé kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi súwíìṣì tó ń ya iná NEPA sọ́tọ̀ síbẹ̀. Bí iná sọ́láà bá wọ wáyà òpópónà nígbà tí òṣìṣẹ́ wọn wà lórí òpó, ó lè pa á.

Mi ò ní mítà. Bíìlì tí wọ́n fojú dá fún mi lóṣù yìí pọ̀ ju ti oṣù tó kọjá lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ṣé kí n san án kí wọ́n má bàa gé iná mi? (Olùkà, Iléṣà)

Ẹ má san án, ẹ má sì dákẹ́. Kọ̀wé pé ẹ̀ ń ta ko bíìlì náà, kẹ́ ẹ sì san iye bíìlì ìkẹyìn tí ẹ kò bá wọn jiyàn lé lórí. Ẹ̀tọ́ yín nìyẹn títí wọ́n á fi yanjú ẹ̀sùn náà. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún yín níwèé ṣáájú kí wọ́n tó lè gé iná. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí ìsanwó yín síbi tí ọwọ́ ẹni tó bá wà nílé á ti tètè tó o. Àárọ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́, ni àwọn tó ń gbé àkàsọ̀ sábà máa ń dé.